Ogójì Fìlà fún Ilé-iṣẹ́ Tẹ̀ẹ́wò

Ẹ bá mi kí Zakariyya o. Zakariyya tó ti ń ran fìlà níwájú ìsọ̀ mi lábẹ́ òkè Mápó láti ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ṣéńjì igba náírà ṣì máa ń dà á láàmú, ti di olùdókòwò. Òun ló pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló dé, ó jókòó, kò mú abẹ́rẹ́, ó ní, "Yẹ̀kínì, iṣẹ́ ọwọ́ ti tán láyé. Owó ló yẹ kó máa báni ṣiṣẹ́ báyìí, kéèyàn jókòó kó máa wò ó." Mo ní, "Owó wo? Èyí tí o fẹ́ fi ra ẹ̀kọ?" Ó kàn wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé ìlara ló ń ṣe mí. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Òkè Bọ́lá tó ń jẹ́ Tẹ̀ẹ́wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọládèjì ló dá a sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn ilà dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn páálí mílíìkì àti ike òróró, tí wọ́n ń pè ní bákóòdù? Tí Tẹ̀ẹ́wò bá ti wà lórí fóònù yín, ẹ ó na ojú kámẹ́rà sí àwọn ilà yẹn, fóònù á sọ̀rọ̀ jáde ketekete ní Yorùbá. Bó bá mọ ọjà náà, á ní, "Ojúlówó ni. Ẹ máa rà á." Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní, "Ayédèrú ni èyí o. Ẹ má rà á." Ohùn obìnrin ni, ó sì le bí ohùn ìyá ọkọ.

Nǹkan tó dáa ni, mi ò ní purọ́. Pẹ̀lú irú oògùn ibà tí wọ́n ń tà lójú títì wa yìí, ó yẹ kí ẹnì kan máa bá wa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má rò pé torí oògùn ibà làwọn ará Ọjà'ba ṣe ń pariwo Tẹ̀ẹ́wò. Ìpín rẹ̀ ni wọ́n ń rà, ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíà. Ẹ ó rà á lónìí ní iye kan, ẹ ó máa dúró kó gorí, ẹ ó tà á fún ẹlòmíì tóun náà ń dúró kó gorí.

Mo bi Zakariyya, mo ní, "Eélòó ni Tẹ̀ẹ́wò ń pa lóṣù?"

Ó ní, "Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pawó."

"Kò pa kọ́bọ̀, ìpín rẹ̀ sì wọ́n tó báyìí?"

"Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn, Yẹ̀kínì! Ilé-iṣẹ́ tó ń pawó, a ti mọ iye tó ń pa, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tí kò tíì pa nǹkan kan, ta ló lè mọ ibi tó máa pa á dé?"

Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà níye lórí gan-an ni, torí mi ò tíì rí èrè jẹ láti oṣù tó kọjá. Ó ní kò lè yé mi.

Adébọ̀wálé tó ń ta káàdì fóònù ní Bẹẹrẹ tẹ́lẹ̀ ló di aṣojú wọn. Ó gbé pátákó dúdú kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tí ìpín kan jẹ́ sí i láràárọ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ibẹ̀ á ti kún fọ́fọ́: ọlọ́kadà, tísà, oníṣu, alákàrà, gbogbo wọn á gbójú sókè bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Tí Adébọ̀wálé bá ti kọ ọ́ tán, àwọn kan á kígbe, àwọn kan á gbéra ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á wá ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, á máa sọ fún oníbàárà pé òun ò ní pẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kí ló wá ń gbé iye ọ̀hún gòkè? Ẹ bi mí, kí n sọ fún yín. Wọ́n rí Ọládèjì níbi tó ti ń ra dísẹ́lì sí jẹnẹrétọ̀, ìpín gòkè: iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́fíìsì. Wọ́n rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìpín wálẹ̀: ó ti fẹ́ kú. Wọ́n gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló lọ bímọ síbẹ̀, ìpín tún gòkè: àrólé ti dé. Òyìnbó kan wá dúró sórí àtẹ̀gùn Mápó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ya àwòrán àwọn òrùlé pánù wa tó ti dípẹtà. Lọ́jọ́ yẹn, ìpín Tẹ̀ẹ́wò di ìlọ́po méjì. Mo ní, "Zakariyya, pánù ni òyìnbó yìí wá wò. Ó yà á tán, ó ra omi oní-ike, ó lọ." Zakariyya rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. Ọgbọ́n ni, kó lè dà bíi pé pánù ló ń wò."

Èmi náà ò gbádùn mọ́, torí èmi ni mò ń ran fìlà fún Ọládèjì. Ẹni tí kò kí mi rí ń dúró kí mi. Wọ́n á ní, "Alàgbà Yẹ̀kínì, fìlà mélòó ló rà lóṣù yìí? Àwọ̀ wo? Ṣé ojú rẹ̀ dùn nígbà tó wá gbà á?" Mo ní ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ gba fìlà. Wọ́n fi ìyẹn náà ṣírò, ìpín gòkè díẹ̀.

Ẹni tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Kúbúrá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Èrè abọ́ tánganran tí Àǹtí mi ń tà ní Ọjà'ba ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, àwọn náà ni wọ́n san owó ìkọ́ṣẹ́ mi lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti lọ ilé ọkọ. Ohun kan ṣoṣo ni Àǹtí mi ń fẹ́ láyé, kí wọ́n fojú ara wọn rí Mẹ́kà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń tọ́jú owó Hájì. Bó bá ti fẹ́ẹ́ pé báyìí, wọ́n á kéde lórí rédíò pé owó Hájì ti tún lọ sókè. Àǹtí mi ń sáré, owó ń sáré, owó sì lẹ́sẹ̀ jù wọ́n lọ. Lọ́dún yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù kó pé. Orúnkún wọn méjèèjì sì ti ń dùn wọ́n. Tí wọn ò bá lọ láàárín ọdún kan sí méjì, ẹsẹ̀ wọn ò ní lè yí Káábà ká mọ́, èmi àtàwọn la jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò kàn sọ ọ́ síta ni.

Ìgbà tí ariwo Tẹ̀ẹ́wò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Yẹ̀kínì, nǹkan tí wọ́n ń rà ní Bẹẹrẹ yìí ńkọ́? Ṣé ìdá kan tó kù yẹn kò lè ti ibẹ̀ jáde?"

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wèrè ni wọ́n."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Wọ́n gbà, wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí ọlọ́gbọ́n bíi tèmi kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìpín ọ̀hún di ìlọ́po mẹ́ta. Zakariyya ta díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó ra fíríìjì ńlá kan. Gbogbo àdúgbò lọ wò ó, Àǹtí mi náà lọ. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ní, "Ó tutù o, Ọlọ́run á fi kún un," wọ́n padà sílé. Wọn ò bá mi wí rárá, wọn ò tilẹ̀ fẹnu kàn án. Ó dùn mí dé eegun. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Hilda wá. Hilda ni akọ̀wé Ọládèjì. Ará Dẹ́lítà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Òkè Bọ́lá ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti Zakariyya lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó yọ ìwé kan nínú ọ̀rá. Àwọn ilà dúdú ló wà lórí rẹ̀, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn páálí, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú un tóbi.

Ó ní, "Bàbá, fìlà funfun ogójì la fẹ́. Ẹ ó fi òwú dúdú ran àwọn ilà yìí sí iwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní la fẹ́ lò ó."

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó mẹ́ta àtàwọn olówó Èkó kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn Mápó láti wá ra ìdajì Tẹ̀ẹ́wò. Gbogbo àlejò ló máa dé fìlà kọ̀ọ̀kan. Ọládèjì á ní kí kálukú na fóònù sí orí ẹni tó jókòó tì í, gbogbo fóònù á sì sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ sí Tẹ̀ẹ́wò." Inú àwọn àlejò á dùn, wọ́n á fọwọ́ síwèé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni. Mo tún bẹ̀ yín, bó ṣe wà nínú ìwé yìí gan-an ni kí ẹ ṣe é. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó nípọn, kó nípọn. Ẹ má yí i bí irun."

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí."

Mo ran ẹyọ kan sílẹ̀ kó kọ́kọ́ wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó dé, ó na fóònù sí i. Obìnrin inú fóònù ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Tẹ̀ẹ́wò." Hilda fò sókè. Èmi náà fò díẹ̀, mo wá rántí ọjọ́ orí mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gba ilé Àǹtí mi lọ ní Bẹyẹrúnká. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ rà á."

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ní wèrè ni wọ́n?"

"Wèrè ṣì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, òyìnbó, Èkó, fìlà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Hilda ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ fi gbogbo owó Hájì yẹn rà á. Lọ́jọ́ tí òyìnbó bá fọwọ́ síwèé, iye rẹ̀ á fò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ta gbogbo ẹ̀, kí ẹ máa lọ gba pásípọ́ọ̀tù."

Wọ́n ní, "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, Yẹ̀kínì." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé Bẹẹrẹ. Adébọ̀wálé gba owó ọdún mọ́kànlá, ó já ìwé pélébé kan lé wọn lọ́wọ́. Nígbà táwọn èèyàn rí i pé ìyá onítánganran tí kò dá sí i tẹ́lẹ̀ ra tó báyẹn, wọ́n ní dandan, ó ti gbọ́ nǹkan kan. Ìpín gòkè lọ́jọ́ náà. Èmi tí mò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi kí ara mi náà.

Mo lọ sí Ògùnpa, mo ra aṣọ funfun àti òwú, mo dojú kọ iṣẹ́. Mo gbé fìlà àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ìṣó níwájú mi kí n lè máa wò ó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ń kọjá náà ń wò ó. Alájàpá kan láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú dúró, ó ní, "Yẹ̀kínì, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ilà kan sanra, ìkejì rù, ẹ̀kẹta fẹ́ẹ́ kú." Zakariyya bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yẹ̀kínì, ṣé ìwọ lo ran èyí? Àgbà ti dé o. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní mi ò mọ̀ ọ́."

Ẹ gbọ́, kò sí ohun tí wọn ò lè bú lára mi. Imú mi tóbi, mo gbà. Mi ò lówó, mo gbà. Ṣùgbọ́n ilà! Ní gbogbo Ọjà'ba, ilà tó gún ni wọ́n fi mọ fìlà mi. Ọ̀gá mi máa ń fi igi lu ìka mi tí ilà kan bá fi bí orí abẹ́rẹ́ ju èkejì lọ. Mo wá fẹ́ẹ́ fi irú nǹkan báyìí dé orí ogójì èèyàn, òyìnbó mẹ́ta nínú wọn, kí wọ́n máa bi ara wọn pé ta ló ran èyí? Mo wo ìwé Hilda dáadáa. Ẹni tó yà á kò kọ́ṣẹ́, ìyẹn hàn kedere. Ọmọdé ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ọnà.

Mo bá bá wọn tún un ṣe. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Ọgbọ̀n ilà ló wà nínú ìwé, ọgbọ̀n ilà ni mo ràn. Mo kàn jẹ́ kí gbogbo wọn sanra bákan náà, mo sì jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Nígbà tí mo parí ẹyọ kan, mo fọwọ́ pa á. Ó gún, ó mọ́, ó wuni. Mo gbé e dání síwájú Zakariyya, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò. Inú mi dùn ju ti ẹni tó rí owó he lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an ni mo parí iṣẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Aránfìlà wo ní Ìbàdàn ló ń kó iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dé e? Wọ́n á lé e kúrò lẹ́gbẹ́. Hilda ti dé láti aago méje, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, èmi ṣì ń fa òwú sára èyí tó gbẹ̀yìn. Nígbà tó rí wọn, ó dúró. Ó ní, "Háà, Bàbá, wọ́n rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ!" Mo ní a dúpẹ́. Ó kó wọn sínú báàgì, ó sáré gun àtẹ̀gùn Mápó lọ. Kò sáàyè láti na fóònù sí ẹyọ kan nínú wọn.

Gbogbo olùdókòwò Ọjà'ba ló yọ́ gun òkè lọ́jọ́ náà, nítorí òyìnbó mẹ́ta kò ṣeé fi pamọ́ ní Mápó. A kún ojú fèrèsé. Èmi, Zakariyya àti Àǹtí Kúbúrá dúró síbì kan náà. Àǹtí mi wọ léèsì funfun tí wọ́n ti rà fún Mẹ́kà, wọ́n ní àwọn fẹ́ dán an wò. Nínú gbọ̀ngàn, ogójì èèyàn pàtàkì, Ọládèjì nínú wọn, jókòó, fìlà mi lórí gbogbo wọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, àwọn ilà yẹn nìkan ni mò ń wò. Orí òyìnbó àárín yẹn ló tiẹ̀ dára jù lọ.

Ọládèjì sọ̀rọ̀ títí, ó fi àwòrán hàn wọ́n, ó ní ọjà mílíọ̀nù mélòó ni Tẹ̀ẹ́wò ti yẹ̀ wò. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí kálukú yọ fóònù, kí wọ́n nà án sí orí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Fóònù àkọ́kọ́ ní, "Ayédèrú ni èyí o. Ẹ má rà á."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìkejì ní, "Ayédèrú ni èyí o." Ìkẹta gbà á. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ń dún, fóònù ń bú èèyàn pàtàkì lójú ara wọn, àjà Mápó ń gbé ohùn obìnrin yẹn padà: ayédèrú, ayédèrú, ẹ má rà á, ẹ má rà á. Òyìnbó kan bi ará Èkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni obìnrin yìí ń wí. Ará Èkó ní ó ń kí wọn káàbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Tẹ̀ẹ́wò ti kọ ọ́ ní èdè òyìnbó sí ojú fóònù pẹ̀lú, gàdàgbà, ní pupa. Òógùn bo Ọládèjì. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ Hilda, ó ṣí fìlà orí ara rẹ̀, ó nà án sí i. Obìnrin náà kò mọ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ra ọ̀gá náà.

Ojú fèrèsé dá páropáro. Zakariyya ti fò sísàlẹ̀, àwọn tó kù tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń sáré lọ sí Bẹẹrẹ láti lọ ta ìpín. Ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún nígbà tí gbogbo ẹni tó lè rà á ló ń sáré bọ̀ wá tà á? Fídíò tí ẹnì kan ti ṣe lójú fèrèsé ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Adébọ̀wálé nu pátákó mọ́, kò kọ nǹkan kan sí i mọ́. Oṣù mẹ́ta ni nǹkan yìí fi gòkè. Láàárín ìrun Àìlà àti Alásàrí ló wálẹ̀.

Àǹtí mi ò lè sáré, orúnkún ò gbà. Wọ́n di fèrèsé mú. Wọ́n ní, "Yẹ̀kínì, kí ni fóònù ń wí? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo mú wọn lọ́wọ́, a sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti Ìbàdàn, ẹ ò ní wá àlàyé tì. Ọládèjì ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Adébọ̀wálé ní àwọn ọ̀tá láti Èkó ni. Zakariyya ní àwọn òyìnbó ló dọ́gbọ́n bà á jẹ́ kí wọ́n lè rà á ní owó pọ́ọ́kú. Òyìnbó sì ti wà nílùú wọn láti ọjọ́ kejì, wọn ò tilẹ̀ dáhùn lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó wo fìlà.

Àfi Hilda. Ọjọ́ Ajé ló wá, òun nìkan, ó mú fìlà kan àti ìwé tọjọ́sí dání. Ó tẹ́ ìwé náà sórí fìlà níwájú mi. A jọ wò ó.

Ó ní, "Bàbá, ẹ tún un ṣe."

Mo ní, "Mo tún un ṣe."

"Kí ló dé?"

"Ó wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Nínú wíwọ́ yẹn lọ̀rọ̀ wà, Bàbá. Ilà tó sanra ní ohun tó ń sọ, èyí tó rù ní tirẹ̀, àlàfo náà ní tirẹ̀. Ẹ wò ó bí ohùn ẹnu wa. Tí ẹ bá sọ gbogbo ohùn di ọ̀kan ṣoṣo, ta ló máa gbọ́ ohun tí ẹ wí?" Mo ní kó lọ sọ fún Ọládèjì, kí n mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó mi orí. Ó ní òun ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, nítorí wọ́n á bi òun náà pé kí ló dé tí òun ò dán ogójì wò kó tó dórí àlejò. Ó ní òun ti ń wá iṣẹ́ míì. Ó fi fìlà náà sílẹ̀ fún mi, ó gun ọ̀kadà lọ. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dé ilé lọ́jọ́ náà.

Ní Jímọ̀, Àǹtí mi ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun. Láti Mápó dé Bẹyẹrúnká, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu: "Àǹtí mi, èmi ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ bínú sí mi." Mo ti pinnu. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá tà á. Bí wọ́n bá ní kí n má dé ilé àwọn mọ́, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo wọlé, mo bá gbogbo agboolé lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbà àti èwe. Nígbà tí wọ́n rí mi, àwọn kan yí ojú, nítorí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ní kí Àǹtí mi rà á.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo la ẹnu.

Àǹtí mi ní, "Dìde, dìde. Wá jókòó." Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, wọ́n kọjú sí agboolé. Wọ́n ní, "Gbogbo yín, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú àbúrò mi. Ohun tó fojú rẹ̀ rí ló wá sọ fún mi, torí ó fẹ́ kí n dé Mẹ́kà kí n tó kú. Mi ò bínú sí i, mi ò ní bínú sí i láéláé. Ẹni tó bà á jẹ́ ni èmi àti Ọlọ́run jọ ní ọ̀rọ̀ sọ."

Mo ní, "Àǹtí mi..."

Wọ́n ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí n ṣe àdúà." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọn ò tú ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n gbé e sókè pọ̀ mọ́ tiwọn. Wọ́n di ojú. Wọ́n ní, "Ọlọ́run Ọba, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ba iṣẹ́ yẹn jẹ́, tó dí mi lọ́nà ilé Rẹ, kí ọwọ́ náà má ṣe iṣẹ́ jẹ mọ́ láyé."

Gbogbo ilé ní, "Àmín."

Àǹtí mi la ojú kan. Wọ́n ní, "Yẹ̀kínì, mi ò gbọ́ tìrẹ."

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè nínú ọwọ́ wọn. Mo ní, "Àmín." Mo sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́.